Kí ló dé tí ìwé sọ́mà ń pa mí lẹ́kún?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, Atlanta ni mo ń gbé, ṣíftì alẹ́ ni mo máa ń ṣe. Ẹnì kan fi ìwé kan sílẹ̀ ní yàrá ìsinmi wa níbi iṣẹ́, àwòrán àga méjì létí òkun ló wà lára èèpo ẹ̀, mo kà á, mo sunkún. Láti ìgbà yẹn mo ti ka mẹ́fà. Gbogbo wọn jọra: ìyá kú tàbí ó fẹ́ kú, ó fi ilé etí òkun sílẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ obìnrin padà wálé fún sọ́mà, ìgbà ooru, wọ́n jà, àṣírí tú, wọ́n parí ìjà. Ọkọ mi ní ìwé àwọn olówó òyìnbó tí ò níṣẹ́ ṣe ni, pé kí n ka ohun tó máa ṣe mí láǹfààní. Ìyá tèmi náà kú lọ́dún méjì sẹ́yìn ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwa mẹ́rin ni wọ́n bí, ọ̀rọ̀ ilé wọn ò tíì yanjú títí dòní. Ṣé ìwé gidi ni àwọn ìwé yìí? Kí ló dé tí gbogbo wọn fi jẹ́ ọ̀kan náà, kí ló sì dé tí wọ́n fi ń pa mí lẹ́kún? Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó dáa?"

Àbúrò mi, mo kí ọ kú ọ̀rọ̀ ìyá o. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ọdún méjì ò pọ̀ rárá lórí ọ̀rọ̀ ìyá, ẹni tó bá ní ó yẹ kó o ti gbàgbé ò mọ ohun tó ń sọ. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì, torí ó dà bíi pé ìbéèrè mẹ́ta lo bi mí, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí níbẹ̀: ìwé tí wọ́n ní ìsinmi ni wọ́n kọ ọ́ fún, báwo ló ṣe mọ ibi tó ń dùn ẹ́? Mo ti ń ṣiṣẹ́ láíbìrì ní Maryland níbí fún ọdún mọ́kàndínlógún, ọ̀dọ̀ àwọn ìwé àròsọ ni wọ́n fi mí sí, èmi ni mo máa ń kó àwọn ìwé yìí sórí tábìlì iwájú ní May, èmi náà ni mo máa ń kó wọn wọlé ní September, tí mo bá sì gbọn wọ́n, iyanrìn á máa dà sílẹ̀ lórí kántà. Mo mọ̀ wọ́n, mo sì mọ àwọn tó ń kà wọ́n.

Jẹ́ ká ti orí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ bẹ̀rẹ̀, torí òótọ́ wà nínú ẹ̀. Ilé tó wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ìwé yìí kì í ṣe ilé tí owó nọ́ọ̀sì ká. Nantucket tí wọ́n fẹ́ràn láti máa gbé ìtàn kalẹ̀ sí, erékùṣù ni, nǹkan bíi máìlì 30 ló fi jìn sí Cape Cod ní Massachusetts, ọkọ̀ ojú omi tàbí bàálù kékeré lo fi máa débẹ̀, ilé onípákó ló kún ibẹ̀, oòrùn àti iyọ̀ òkun ti sọ pákó yẹn di aláwọ̀ eérú, mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n sì fi ń ka owó wọn báyìí. Ìyẹn ò ní ìjiyàn. Àmọ́ bíbú tí wọ́n ń bú irú ìwé yìí ti pẹ́ o, ọkọ rẹ kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1870 ni àwọn tó ń tẹ̀wé ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe ìwé eléèpo pépà fún àwọn tó ń wọ rélùwéè lọ sí etí òkun nígbà ooru, ìwé tó fúyẹ́ lọ́wọ́, tí owó ẹ̀ ò pọ̀, tó jẹ́ pé tó o bá gbàgbé ẹ̀ sórí àga kò ní dùn ẹ́ jù. Bí wọ́n ṣe ń tà á ni àwọn oníwàásù ń bú u. Pásítọ̀ ńlá kan wà ní Brooklyn nígbà yẹn, T. De Witt Talmage, ó wàásù pé ìdọ̀tí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kà ní July àti August ju ti oṣù mẹ́wàá tó kù lọ. Obìnrin ò sì torí ìyẹn yéé kà á.

Ohun tí àwọn tó ń bú u ò rí ni pé fífúyẹ́ tí wọ́n ń sọ yẹn, inú ọ̀rọ̀ tí ìwé ń sọ kọ́ ló wà. Ka ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú mẹ́fà tó o kà yẹn: ta ló kú, ta ni jẹjẹrẹ mú, ọkọ ta ló lọ bímọ síta, ta ló jẹ gbèsè tí ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tó wúwo nìyẹn. Ibi tó ti fúyẹ́ ni ìlérí tó ti ṣe fún ẹ kó o tó ṣí i, pé bó ti wù kí wọ́n jà tó, wọn ò ní ti ẹnì kankan síta, wọ́n máa jọ jókòó jẹun kí ìwé tó parí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń parí ìjà nílé tí àgbàlagbà kan tí gbogbo yín ń bẹ̀rù sì jókòó síbẹ̀, ẹ lè pariwo, ẹ lè tú ohun tó ti wà nínú yín láti ogún ọdún jáde, torí ẹ mọ̀ pé bàbá yẹn ò ní jẹ́ kó di ohun tẹ́nìkan ò lè tún ṣe mọ́. Ẹni tó ti ṣíftì alẹ́ dé, tó jẹ́ pé bóyá ó pa ojú òkú dé lóru ọjọ́ yẹn, tó bá fẹ́ irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì kó tó sùn, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, mi ò sì rí ohun tó ń jẹ́ àìníṣẹ́ níbẹ̀.

Ní ti pé wọ́n jọra, ọjà wà nínú ẹ̀, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Sọ́mà Amẹ́ríkà kì í gùn, láti Memorial Day tó jẹ́ Monday tó kẹ́yìn nínú May títí dé Labor Day tó jẹ́ Monday àkọ́kọ́ nínú September, kò ju oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ lọ, láàárín ìgbà yẹn ni wọ́n máa rí ọ̀pọ̀ nínú ìwé yìí tà, torí náà May àti June ni wọ́n máa ń dà wọ́n jáde. Elin Hilderbrand tó ń gbé ní Nantucket, ọdún 2000 ló kọ́kọ́ gbé ìwé jáde nípa erékùṣù yẹn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí sọ́mà kan tí kò gbé òmíràn jáde títí di 2024 tó ní ìyẹn ló máa kẹ́yìn nínú ti sọ́mà Nantucket. Tí ẹnì kan bá ti tà báyẹn, àwọn yòókù á ní kí wọ́n ya èèpo tàwọn bíi tiẹ̀: òkun aláwọ̀ búlúù, àga méjì, obìnrin tó dé fìlà fẹ̀ǹfẹ̀ tó kọ ẹ̀yìn sí wa. Wo èèpo mẹ́fà tó o ní yẹn dáadáa, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé wọn ò ya ojú obìnrin kankan tán. Ìwọ ni wọ́n fi àyè ojú yẹn sílẹ̀ fún.

Àmọ́ ọjà nìkan ò lè mú kí obìnrin máa ka irú ìtàn kan náà fún ogún ọdún. Òǹkọ̀wé tó fẹ́ sọ ìtàn ẹbí ní ìṣòro kan: àwọn ọmọ ti dàgbà, oníkálukú ti wà nílé ọkọ, ẹni tí wọ́n bá jọ jà, wọ́n á kàn yéé gbé fóònù ẹ̀ ni. Kí ni wọ́n máa fi kó wọn jọ, tí wọn ò fi ní lè sá lọ? Ilé. Ilé kan tó ní balùwẹ̀ kan, lórí erékùṣù tó jẹ́ pé tí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá ti lọ, o dúró títí di àárọ̀ nìyẹn. Wọ́n á wá fi ọjọ́ sí i, pé tí sọ́mà bá parí, ẹni tó fẹ́ ra ilé ń bọ̀. Gbogbo ohun tí wọn ò sọ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá láti sọ ọ́. Èyí tó bá kọ ọ́ dáadáa nínú wọn, wàá rí i pé òkun ò ṣe nǹkan kan nínú ìtàn yẹn ju kó máa pariwo lóru nígbà tí wọn ò rí oorun sùn.

Wàyí o, ibi tí mo fẹ́ dúró sí nìyí, torí ibẹ̀ ni ẹkún rẹ ti wá. Ìtàn ogún ni àwọn ìwé yìí. Mo mọ̀ pé wọn kì í kọ bẹ́ẹ̀ sára ẹ̀, àmọ́ ogún ni. Ní Amẹ́ríkà níbí, tí ìyá bá kú tó fi ilé kan sílẹ̀ fún ọmọ mẹ́ta láìṣe ètò kankan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ni ín pa pọ̀, oníkálukú ní ìpín tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò pín in sí yàrá yàrá. Ẹni tó ń gbé nítòsí ló ń rí i tí òrùlé bá ń jò, ẹni tó wà ní California ló ń bèèrè pé kí ló dé tí owó ìnṣọ́ránsì fi tó yẹn. Owó orí ilé ò sì dúró, bí ilẹ̀ àdúgbò bá ṣe ń wọ́n lòun náà máa ń fẹ́ gòkè. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá ní òun fẹ́ gba ìpín òun, ó lè lọ sí kóòtù pé kí wọ́n ta ilé náà kí wọ́n pín owó, kóòtù sì lè gbà fún un kódà táwọn méjì tó kù bá ń yí nílẹ̀. Fi wé tiwa. Ilé tí òbí kú fi sílẹ̀ láìṣe ìwé ìhágún, tó bá jẹ́ àṣà Yorùbá ni wọ́n fi wò ó, ilé ẹbí ló dà, yálà ìdí-igi ni wọ́n fi pín in, ìyẹn ní ẹ̀ka ìyàwó kọ̀ọ̀kan, tàbí orí-ò-jorí, ìyẹn ní iye orí ọmọ, ọmọ kan ò lè dá a tà láìjẹ́ pé olórí ẹbí àtàwọn àgbà ẹbí mọ̀ sí i, tó bá dá a tà kóòtù lè tú u ká. Ìdí nìyí tí ilé tiwa fi lè wà níbẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún, tí kò ṣeé tà, tí kò sì sẹ́ni tó fẹ́ tún un ṣe. Tiwọn kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Etí bèbè ló máa ń wà, bèbè yẹn sì ni gbogbo ìwé tó o kà jókòó lé.

Torí náà, nígbà tó o ka ibi tí ọmọbìnrin yẹn ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá ẹ̀, tó rí ife tó ti sán létí tí ìyá fi ń mu tíì, olówó òyìnbó kọ́ lo sunkún fún. Ìjẹ̀bú-Òde lo wà lásìkò yẹn. Màmá òyìnbó kan wà tó máa ń wá sọ́dọ̀ wa, gbogbo June ló máa ń yá ìwé kan náà, kò fẹ́ tuntun, ìyẹn náà ló ń fẹ́. Lọ́dún bíi kẹfà mo ní kí n bi wọ́n. Wọ́n ní ẹbí àwọn ní ilé kékeré kan rí létí òkun ní Delaware, yàrá méjì, bàbá ló fọwọ́ ara ẹ̀ kàn án. Nígbà tí bàbá kú, àwọn ọmọ tà á torí wọn ò gbà lórí ẹni tó máa san owó òrùlé. Wọ́n ní owó tó kan àwọn, mọ́tò làwọn fi rà, mọ́tò yẹn ti di irin àlòkù tipẹ́, àmọ́ tí òjò bá ti ń ṣú, òórùn pákó ilé yẹn á dé sí àwọn nímú. Wọ́n gba ìwé wọn, wọ́n lọ. Ọdún yẹn ni mo yéé pe ìwé yìí ní ìwé yẹpẹrẹ níṣojú ẹnikẹ́ni.

Ní ti pé ìwé òyìnbó ni, ìyẹn náà nílò àtúnṣe, kó o sì sọ ọ́ fún ọkọ rẹ pé èmi ni mo wí. Níbi tí mo ń gbé yìí, tí n bá wa mọ́tò fún bíi wákàtí kan, màá dé Highland Beach. Charles Douglass tó jẹ́ ọmọ Frederick Douglass, gbajúmọ̀ tó sá kúrò lóko ẹrú tó sì jà kí wọ́n fòpin sí òwò ẹrú, lọ sí ibi ìgbafẹ́ kan létí omi Chesapeake, wọ́n lé òun àtìyàwó ẹ̀ jáde torí pé dúdú ni wọ́n. Lọ́dún 1893 ó ra ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, bí ìlú àwọn dúdú yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó kọ́ ilé kan níbẹ̀ fún bàbá ẹ̀, wọ́n fi ilé ìṣọ́ kékeré sí i lókè kí bàbá lè máa jókòó síbẹ̀ wo òdìkejì omi, ilẹ̀ tí wọ́n ti bí wọn sínú oko ẹrú. Bàbá kú ní February 1895, ilé ò tíì parí. Mo ti dúró níwájú ilé yẹn, ó ti di mùsíọ́mù báyìí, mo wo òkè mo wo omi, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ilé etí òkun nìyẹn o. Èyí ò fúyẹ́.

Oak Bluffs ní Martha's Vineyard, erékùṣù míì ní Massachusetts, ńkọ́? Ní 1835 àwọn Mẹ́tọ́díìsì bẹ̀rẹ̀ sí í pàgọ́ síbẹ̀ ní August fún ìpàdé àdúrà, bí ọdún ṣe ń lọ àgọ́ di ilé pákó kéékèèké tí wọ́n kùn láwọ̀ oríṣiríṣi, ó ju 300 nínú wọn tó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí Redemption Camp lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ṣe di ìlú, kò ní ṣòro fún un láti lóye ẹ̀. Àwọn dúdú náà ń bọ̀ níbẹ̀, ní 1912 ẹbí Shearer ṣí ilé àlejò síbẹ̀ torí hòtẹ́ẹ̀lì ò gba dúdú, bí àwọn ẹbí dúdú ṣe ń ra ilé síbẹ̀ láti ìran dé ìran nìyẹn. Dorothy West tó ń gbé ibẹ̀ gbé ìwé àròsọ nípa àwọn ẹbí yẹn jáde ní 1995, ó ti lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún dáadáa nígbà náà, ìwé *The Wedding*, kò fúyẹ́ rárá, o lè kà á lọ́jọ́ tí ara bá tù ẹ́. Ní 2021 Sunny Hostin kọ èyí tó fúyẹ́, *Summer on the Bluffs*, obìnrin kan fẹ́ fi ilé ẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀kan nínú ọmọbìnrin mẹ́ta tó gbà tọ́ bí ọmọ. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni ọkọ̀ ojú omi láti Woods Hole, mo jí lọ sí bíìṣì tí wọ́n ń pè ní Inkwell láàárọ̀ kùtù, mo bá àwọn màmá dúdú tó dé fìlà omi, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú nínú omi ní òbìrìkìtì, wọ́n ń kọrin. Wọ́n ní láti 1946 ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ sọ́mà. Omi tutù yẹn ò ṣeé fẹnu sọ, èmi ò lè wọ̀ ọ́ ju orúnkún lọ.

Àwọn tí ilé tiwọn bọ́ náà wà, àwọn ìwé tó wà lórí tábìlì mi kì í sábà sọ tiwọn. Ní California, Charles àti Willa Bruce, tọkọtaya dúdú, ra ilẹ̀ etí òkun ní Manhattan Beach lọ́dún 1912, ìjọba ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1924, wọ́n ní páàkì làwọn fẹ́ fi ṣe. Ọdún 2022 ni wọ́n tó dá a padà fún àwọn àrọ́mọdọ́mọ, lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n tà á padà fún ìjọba ní nǹkan bí ogún mílíọ̀nù dọ́là. Ní erékùṣù South Carolina àti Georgia, níbi táwọn Gullah ń gbé, àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà, tí onímọ̀ èdè Lorenzo Dow Turner ti kọ orúkọ Yorùbá rẹpẹtẹ sílẹ̀ lẹ́nu wọn sínú ìwé tó tẹ̀ ní 1949, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ti pàdánù nípa irú òfin tí mo sọ lókè yẹn: àwọn tó ń kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì á ra ìpín ọmọ kan tí ò gbé ibẹ̀ mọ́, wọ́n á wá gba kóòtù lọ pé kí wọ́n ta gbogbo ẹ̀. South Carolina ti ṣòfin ní 2016 láti fi dá ààbò bò wọ́n díẹ̀. Etí òkun kan náà yẹn ni wọ́n gbé àìmọye ìwé sọ́mà kalẹ̀ sí o, wàá sì ka ojú ewé 350 láìrí ẹnì kan tó jẹ́ Gullah tó lórúkọ.

Àléébù wọn tí mi ò lè bò nìyẹn. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé náà ò lórúkọ, ẹni tó ń gé koríko ò lórúkọ. Owó ò ṣe kedere, òǹkọ̀wé á kàn ní "àwọn ṣì lè san án" á sì kọjá lọ. Ìyá tó ti kú á di ẹni mímọ́. Lẹ́tà kan á sì máa wà nínú àpótí tó máa tú gbogbo ọ̀rọ̀ palẹ̀, èmi ò rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí láyé, ìyá tèmi ò kọ lẹ́tà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá ni ò kọ ọ́. Òkun náà, wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi pé ọ̀rẹ́ èèyàn ni. Ní Nantucket gan-an òkun ń jẹ ilẹ̀, àwọn ilé wà tí wọ́n ti gbé sẹ́yìn tàbí tí wọ́n wó kó tó ṣubú, ẹni tó bá sì jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ tó mọ ohun tí òkun ti ṣe fún Ayétòrò ò ní ka irú ìwé yẹn láìmí kanlẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń yan èyí tó dáa rèé. Mi ò kì í ka ọ̀rọ̀ àwọn tó ń yìn ín lára èèpo. Mo máa ń ṣí i sí àárín, mo máa wá ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Tí ẹnì kan bá ń há ara ògiri kó tó kùn ún, tó ń bó edé, tó ń ṣèṣirò owó ní tábìlì ìdáná, tàbí tó ń ṣọ́ ẹyin ìjàpá òkun lóru, òǹkọ̀wé yẹn mọ ibi tó ń kọ nípa ẹ̀. Tó bá jẹ́ wáìnì àti aṣọ nìkan ni mo bá lójú ewé mẹ́wàá, mo máa dá a padà. Mo tún máa ń wò ó bóyá ilé náà ní àrùn tiẹ̀, ilẹ̀kùn tí ò tì dáadáa, páìpù tó ń pariwo, torí ilé tí ò ní àléébù, ẹni tó kọ ọ́ ò gbé ibẹ̀ rí, kódà nínú ọkàn. Tó o bá fẹ́ ìwé tó ti wà ṣáájú gbogbo wọn tó sì lágbára, wá *The Shell Seekers* ti Rosamunde Pilcher, 1987, ìyá kan ní England tó ní àwòrán tí bàbá ẹ̀ yà, àwọn ọmọ ń wo àwòrán bí owó, ìyá ń wò ó bí etí òkun Cornwall tó ti ṣe kékeré. Ó gùn o, àmọ́ Nancy àti Olivia inú ẹ̀ yẹn, wàá mọ irú wọn nínú ẹbí rẹ. Má sì máa rà wọ́n lówó gọbọi. Gba káàdì láíbìrì ní àdúgbò rẹ, fi Libby, áàpù tí wọ́n fi ń yá ìwé láíbìrì, sórí fóònù, wàá máa rí wọn gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú mọ́tò tó o bá ń ti ṣíftì bọ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tètè forúkọ sílẹ̀ ní April, tó o bá dúró di June wàá bá èrò níwájú.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé yín. Lọ́yà kọ́ ni mí, mi ò sì lè bá ẹ yanjú ẹ̀ láti Maryland, ẹ wá lọ́yà tó mọ òfin ogún ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Má sì fi ohun tó o kà nínú ìwé ṣe àpẹẹrẹ bó ṣe máa parí, torí nínú ìwé, òǹkọ̀wé ló di gbogbo wọn mú. Ohun kan ṣoṣo tí mo rò pé wọ́n sọ lóòótọ́ ni pé àwọn tó ń jà lórí ilé kì í sábà wà nínú ilé náà. Àwa mẹ́ta ni ìyá tèmi bí. Nígbà tí wọ́n lọ, orí WhatsApp la ti ń ja tiwa, àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Abẹ́òkúta ń béèrè owó àtúnṣe ní gbogbo ìgbà, mo ti ń rò ó sí olè nínú ọkàn mi, mo sì sọ ọ́ lójọ́ kan. Ní 2017 àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sùn sínú ilé náà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Òru ọjọ́ kejì òjò rọ̀, mo jí, mo gbọ́ omi tó ń kán, mo tan iná fóònù, mo ka abọ́ márùn-ún tí àbúrò mi ti gbé sábẹ́ ibi tó ń jò, ọ̀kan nínú wọn ni abọ́ tí màmá fi ń rẹ aṣọ àdìrẹ, ó ti já létí. Kò tíì jí, kò mọ̀ pé mo rí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi. A ra páànù, a kan òrùlé. Ọ̀rọ̀ orúkọ tó máa wà lórí ìwé ilé ò tíì yanjú títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ò gbà, a ṣì ń bá wọn sọ ọ́.

Tí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá lè rí ọ̀sẹ̀ kan ní December, ẹ lọ sùn níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Ó lè má parí ẹ̀. Bí o bá sì fẹ́ kí n yan ìkeje fún ẹ, kọ orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó o ti kà ránṣẹ́, kó o sọ èyí tó o sunkún jù sí àti ibi tó o dé nínú ẹ̀ gan-an kí ẹkún tó bọ́. Ibẹ̀ yẹn ni mo máa fi wá òmíràn fún ẹ.